Sẹ̀ǹtímítà Mọ́kàndínlógójì Tó Wà Láàárín Ülar àti Evald

Àkókò eré bọ́ọ̀lù apẹ̀rẹ̀ ti parí ní gbọ̀ngàn ìlú Paekõrve, ìlú Lihumetsa ń fi àmì-ayò kan ṣoṣo borí, Ülar Kadakmaa sì dúró sídìí ìlà láti ju bọ́ọ̀lù ọ̀fẹ́ méjì tí wọ́n fún un nítorí pé ọ̀tá ṣẹ̀ ẹ́. Ìgbà ìrúwé ọdún 1993 ni. Bí méjèèjì bá wọ inú apẹ̀rẹ̀, ẹgbẹ́ Paekõrve yóò dúró nínú líìgì àgbà. Bí wọn ò bá wọlé, ó di kí wọ́n máa lọ gbá a pẹ̀lú àwọn ọmọ ilé-ìwé nísàlẹ̀. Ẹgbẹ̀rún ènìyàn mí sínú, ẹnikẹ́ni ò mí síta. Ülar gba bọ́ọ̀lù, ó gbójú sókè wo òrùka irin apẹ̀rẹ̀, ó sì dá bọ́ọ̀lù padà fún rẹfirí.

"Rẹfirí, òrùka yẹn ti wálẹ̀."

"Wálẹ̀ báwo?"

"Ó ti fi bí ìka kan wálẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wọ̀n ọ́n."

"Ülar, jọ̀ọ́, ju bọ́ọ̀lù yìí ká máa lọ sílé. Bó bá tiẹ̀ wálẹ̀, ṣebí ìwọ ló máa rọ̀ lọ́rùn?"

"Ìdí tí mo fi ní kí ẹ wọ̀n ọ́n nìyẹn! Mi ò fẹ́ kí ará Lihumetsa kankan jókòó sídìí bíà rẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀, kó máa sọ pé apẹ̀rẹ̀ kúkurú la fi na àwọn."

"Ta ló sọ fún ọ pé ó wálẹ̀?"

"Ó di ọdún mẹ́tàdínlógún tí èmi àti òrùka yẹn ti ń wo ara wa lójú. Bí aya ẹni bá rẹ̀wẹ̀sì, ṣé èèyàn ò ní mọ̀ ni?"

Evald Sarapik, ọ̀rẹ́ rẹ̀, dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó ń bẹ ilẹ̀ pé kó lanu kí òun wọlé. Àmọ́ ta ló lè bá Ülar jà? Wọ́n ní kí wọ́n lọ gbé àkàbà wá. Àkàbà gbọ̀ngàn ti dá, èyí tó yè sì wà lọ́dọ̀ ọkùnrin kan tó ń tún òrùlé ṣe ní ìkángun ìlú. Ogójì ìṣẹ́jú ni wọ́n fi dúró. Àwọn èèyàn tú búrẹ́dì dúdú àti ẹja oníyọ̀ wọn jáde, wọ́n ń jẹun. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Salme lọ sílé, ó fún wàrà àwọn ewúrẹ́ rẹ̀, ó padà wá jókòó sórí àga rẹ̀, kò sì pàdánù ohunkóhun.

Nígbà tí wọ́n na téèpù, òrùka náà fi sẹ̀ǹtímítà méjì kúrú sí bó ṣe yẹ kó ga. Ẹnu ya gbogbo gbọ̀ngàn, nítorí pé ojú lásán ni ọkùnrin náà fi wò ó láti ìdí ìlà. Àwọn agbábọ́ọ̀lù Lihumetsa fúnra wọn ló di ẹsẹ̀ àkàbà mú nígbà tí wọ́n ń gbé òrùka náà sókè. Lẹ́yìn náà ni Ülar bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé bọ́ọ̀lù sáàárín orúnkún rẹ̀ bí ìyá àgbà tó ń bu omi, ó sì jù ú láti ìsàlẹ̀. Bọ́ọ̀lù gòkè pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó wọlé láìfara kan irin. Ìkejì náà wọlé bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́.

Wọ́n gbé e lé èjìká, àwọn tó gbé e sì ṣubú, nítorí pé ó gùn ní mítà méjì àti sẹ̀ǹtímítà mẹ́tàlá, egungun rẹ̀ kì í sì í ṣe egungun ẹyẹ. Nínú yàrá ìmúra, gbogbo wọn dì mọ́ ọn, àfi Evald. Evald jókòó, ó ń tú okùn bàtà rẹ̀. Ülar lọ dúró síwájú rẹ̀.

"Evald, kí lo rí sí i?"

Evald bọ́ bàtà kan. "Kò burú," ó ní.

Ẹ jẹ́ kí n ṣe ìdájọ́ òdodo fún Evald: ní Paekõrve, kò sí ìyìn tó ju ìyẹn lọ. Bí ìyàwó tuntun bá wọṣọ, kò burú. Bí akọ màlúù bá gba ẹ̀bùn àkọ́kọ́ níbi àfihàn, kò burú. Mo gbà pé bí Ọlọ́run bá ní kí ará Paekõrve wá wo ayé ní ọjọ́ keje, á fọwọ́ sẹ́yìn, á wò yíká, á ní kò burú, àmọ́ òkúta ti pọ̀ jù nínú oko. Ẹni tó ń sọ pé yinniyinni kẹ́ni ó ṣe mìíràn, kò tíì dé ìlú wa. Ülar nìkan ni wọ́n bí síbẹ̀ tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́. Ó ń bá rẹfirí sọ̀rọ̀, ó ń bá ọ̀tá sọ̀rọ̀, ó ń bá bọ́ọ̀lù pàápàá sọ̀rọ̀. Evald ní tirẹ̀, ẹni tó kúrú ní mítà kan àti sẹ̀ǹtímítà mẹ́rìnléláàádọ́rin, tó ń pín bọ́ọ̀lù fún gbogbo wọn, lè lo ọ̀sẹ̀ kan lórí gbólóhùn méjì. Yàrá kan náà ni àwọn méjèèjì ń sùn sí ní gbogbo ìrìn-àjò fún ọdún méjìdínlógún. Ülar á sọ̀rọ̀ títí oorun á fi gbé e lọ, Evald á sì pa iná.

Bí Ülar ṣe mọ jíjù láti ìsàlẹ̀ yẹn, oko ọ̀dùnkún ló ti wá. Ní ìgbà ìkórè ọdún 1975, Kóòṣì Lembit Vahtra gbọ́ pé ọmọ kan wà lábúlé tó ń tẹrí kó tó wọ ẹnu ọ̀nà ilé ìjọsìn. Ó gun kẹ̀kẹ́ lọ wò ó. Ó bá ọmọ náà lóko pẹ̀lú ìyá rẹ̀ àgbà, Alviine. Àwọn méjèèjì tẹ̀ba, wọ́n ń wú ọ̀dùnkún, wọ́n sì ń jù ú láàárín orúnkún wọn sínú apẹ̀rẹ̀ tó wà ní poro márùn-ún sí wọn, láìgbójú sókè. Kóòṣì dúró títí oòrùn fi rọlẹ̀, ó ń retí kí ọ̀kan tàsé. Kò rí i.

"Ìyá," ó ní, "ẹ jẹ́ kí n mú ọmọ yìí lọ sílùú."

"Mú un lọ," ni Alviine wí, "àmọ́ dá a padà fún mi ní gbogbo oṣù kẹsàn-án. Ta ló máa bá mi wú ọ̀dùnkún?"

"Ìyá, oṣù kẹsàn-án ni a máa ń bẹ̀rẹ̀ ìmúrasílẹ̀."

"Nígbà náà, ẹ̀yin náà ẹ wá wú u."

Bí gbogbo ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Paekõrve ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ìmúrasílẹ̀ nínú oko Alviine nìyẹn, lọ́dọọdún, títí tí ìyá náà fi kú. Ẹni bá béèrè ibi tí ọmọ náà ti kọ́ ìdúnàádúrà, kó má wá a jìnnà.

Ọdún méjì gbáko ni Kóòṣì fi kọ́ ọ pé kó máa ju bọ́ọ̀lù láti òkè bí ọmọ ènìyàn. Gbogbo rẹ̀ ló ń tàsé. Ülar ní, "Kóòṣì, ọ̀dùnkún ò mọ ọ̀nà òkè." Ọkùnrin náà jọ̀wọ́ rẹ̀. Ní gbogbo ìlú tí wọ́n bá dé, bí Ülar bá ti bẹ̀rẹ̀ sídìí ìlà, ẹ̀rín á bẹ́, àwọn èèyàn á máa kọ bí adìyẹ, wọ́n á máa pè é ní Ìyá Àgbà. Bí bọ́ọ̀lù kẹfà, ìkeje bá ti wọlé, ẹ̀rín á máa dín kù. Bó bá di ìkẹwàá, ẹ ó gbọ́ bí ènìyàn ṣe ń gbé itọ́ mì. Ní ọdún kan, bọ́ọ̀lù ọ̀fẹ́ méjìléláàádọ́fà ló jù léraléra láìtàsé ọ̀kan. Nígbà tí wọ́n dé Tallinn lọ́dún náà, àwọn tó wá ṣe kóríyá fún ọ̀tá wọn ló ń pariwo sí agbábọ́ọ̀lù tiwọn pé, "Ẹ gbá a mú! Ẹ ṣẹ̀ ẹ́, kó tún jù ú, ká tún rí i!" Evald wà níbẹ̀. Ara rẹ̀ bù máṣọ. Nígbà tí Ülar bi í léèrè lóru ọjọ́ náà, ó ní kò burú.

Ẹnìkan ṣoṣo tó gbìyànjú láti borí Ülar nínú ìdúnàádúrà ni Kalju Rebane, alága ẹgbẹ́. Ọdún 1992 ni, owó orílẹ̀-èdè tiwa ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, agbábọ́ọ̀lù sì ṣẹ̀ṣẹ̀ di ẹni tí a ń bá tọwọ́ bọ̀wé. Ṣáájú ìgbà náà, ìjọba ò gbà kí ẹnikẹ́ni gba owó oṣù nítorí bọ́ọ̀lù, nítorí náà nínú ìwé ìjọba, ẹni tó ń tún katakata ṣe ni Ülar, bẹ́ẹ̀ kò mọ ibi tí wọ́n ń da epo sí lára katakata. Rebane ní ọgbọ́n kan: inú sáúnà rẹ̀, ilé ìwẹ̀ olóoru tí wọ́n ti ń da omi sórí òkúta gbígbóná, tí wọ́n sì ń fi ewé na ara wọn lẹ́yìn, ló ti ń bá àwọn èèyàn dúnàádúrà. Ooru á mú ọ, orí á máa yí ọ, o ó sì gba ohunkóhun tí wọ́n bá fún ọ kí o lè jáde. Ülar wọlé, ó gun àga òkè pátápátá níbi tí ooru ti burú jù, ó ká orúnkún rẹ̀ dé etí.

"Bẹ́ẹ̀dì tó gùn ní mítà méjì àti ààbọ̀," ó ní.

"Wọn kì í ṣe irú ẹ̀ láyé yìí."

"Ẹ da omi sí òkúta, Alága."

Rebane da omi sí i. Ooru gba gbogbo ilé.

"Igi ìdáná, tírélà méjì. Igi líle o, ẹ má fi igi páìnì tàn mí."

"Tírélà kan!"

"Ẹ tún da omi sí i."

Bí wọ́n ṣe ń bá a lọ nìyẹn títí Rebane fi pọ́n bí iṣu tí wọ́n fi epo pa lójú. Ülar wá ní ó ku ohun kan ṣoṣo. Ohun tó sọ, àwọn méjèèjì nìkan ló mọ̀ ọ́n. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Rebane kọ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta ni Ülar ní kó tún da omi. Nígbà tí ó yá, ilẹ̀kùn sáúnà ṣí gbàù, alága ẹgbẹ́ sáré jáde ní ìhòòhò ọmọlúàbí, ó kó sínú yìnyín, ó ń ké pé, "Mo gbà! Mo gba gbogbo ẹ̀! Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí n tún rí ọ!" Gbogbo àdúgbò gbọ́. Wọ́n sì gbọ́ ohùn kejì láti inú ooru: "Alága, ẹ wọlé padà, ẹ ò tíì fi ewé nà mí lẹ́yìn!"

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni Evald ń retí ìwé ìdágbére. Ọmọ ọdún márùndínlógójì ni, ó kúrú, ó sì ti ń fa ẹsẹ̀ kan. Dípò ìdágbére, wọ́n gbé ìwé àdéhùn tuntun fún un. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó sọ fún ìyàwó rẹ̀, "Rebane ti lajú, ó ti rí iṣẹ́ mi." Ọgbọ̀n ọdún ni Evald fi gbé ìgbéraga kékeré yẹn sínú, ó ń gbádùn rẹ̀ ní ìdákẹ́jẹ́.

Lọ́dún 1994, Ülar lọ gbá bọ́ọ̀lù ní Finland. Bẹ́ẹ̀dì wọn gùn, owó wọn dára. Kò pé ọdún kan tó fi padà dé. Wọ́n bi í léèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó ní, "Àwọn yẹn dákẹ́ ju Evald lọ. Bí mo bá fẹ́ bá pósí sọ̀rọ̀, ṣebí mo lè dúró nílé." Ó gbá bọ́ọ̀lù ní Paekõrve títí ó fi pé ogójì ọdún, bọ́ọ̀lù ọ̀fẹ́ tó jù gbẹ̀yìn sì wọlé láìfara kan irin.

Ọjọ́ àwọn òkú ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí gbogbo ìdílé máa ń péjọ sí itẹ́ òkú, ni Ülar gbé ìdúnàádúrà tó tóbi jù lọ kalẹ̀. Ó ń fi réèkì eléyín ya iyanrìn orí sàréè Alviine ní ìlà tó gún régé, ó sì ń fẹ̀yìn rìn jáde bí gbogbo wa ṣe máa ń ṣe, kí ipasẹ̀ má bàa hàn.

"Evald, èyí tó bá gbẹ̀yìn nínú àwa méjèèjì ni yóò máa ya iyanrìn ẹnì kejì. Àmọ́ kò dọ́gba."

"Kí ni kò dọ́gba?"

"Sàréè tèmi á fi sẹ̀ǹtímítà mọ́kàndínlógójì gùn ju tìrẹ lọ. O máa san nǹkan sí i."

"Èmi tí iṣẹ́ mi máa pọ̀ jù, èmi ni n ó tún san nǹkan?"

"Bí wọ́n bá fún èèyàn ní ilẹ̀ tó gùn ju ti aládùúgbò rẹ̀ lọ, ta ló ń dúpẹ́?"

Evald bẹ̀rẹ̀ sí í wá ohun tí yóò fi san án. Ó fún un ní oyin ìgò kan, Ülar kọ̀. Ó fi ẹja yíyan lé e, Ülar kọ̀. Ó ju ogún ọdún lọ tí wọ́n fi na ọ̀rọ̀ yìí. Lọ́jọ́ kan, Ülar sọ ohun tó fẹ́ gan-an. "Ọ̀rọ̀ rere kan," ó ní. "Nípa mi. Kí o sọ ọ́ sókè lójú èèyàn, kí n gbọ́."

"Kò burú," ni Evald wí.

"Ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ rere! Báyìí lo ṣe ń dáhùn bí wọ́n bá bi ọ́ nípa ojú ọjọ́!"

Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ní oṣù kìíní ọdún 2022, Ülar dùbúlẹ̀ ní ilé ìwòsàn, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì sì wà lórí àga tí wọ́n fi mú bẹ́ẹ̀dì gùn sí i. Evald jókòó tì í fún wákàtí kan. Ó fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ rere náà. Ó la ẹnu.

"Wọ́n ní yìnyín ń bọ̀ lọ́la," ó ní.

Ülar rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú un. "Ó dáa. Mo sún un síwájú fún ọ. Di ọjọ́ àwọn òkú. N ó máa gbọ́ láti ìsàlẹ̀. Àmọ́ iye rẹ̀ ti lé sí i: kó rinlẹ̀, kí ẹni tó wà lẹ́bàá ọgbà gbọ́."

Ó kú nínú oṣù kejì. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́ta ni.

Lọ́jọ́ ìsìnkú, pósí dé etí kòtò, kò wọ̀ ọ́. Àwọn agbẹ́lẹ̀ ti gbẹ́ ẹ ní ìwọ̀n tí wọ́n máa ń gbẹ́ fún gbogbo ènìyàn. Ilẹ̀ ti dì bí irin. Wọ́n lọ wá téèpù, Evald ló di etí rẹ̀ kan mú, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ẹ lọ́tun. Ogójì ìṣẹ́jú. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ẹnìkan tú búrẹ́dì dúdú jáde. Salme, tó ti di arúgbó, sọ pé, "Èmi ò ní ewúrẹ́ mọ́, mo lè dúró." Maimu, opó Ülar, ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, gbogbo èèyàn sì tẹ̀ lé e. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran: gbogbo wa rí i pé ó tún ti dá wa dúró kí wọ́n lè wọn nǹkan bó ṣe yẹ.

Níbi oúnjẹ ìsìnkú ni Rebane, tó ti ń fọ̀pá rìn, ti wá jókòó ti Evald.

"O mọ ohun tó béèrè gbẹ̀yìn nínú sáúnà mi?"

"Rárá."

"Ìwọ ni. Ó ní, 'Ẹ fi Evald sílẹ̀, tàbí kí èmi náà máa lọ.' Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kọ̀. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sè mí jinná."

Evald gbé fọ́ọ̀kì rẹ̀ kalẹ̀. Ó fẹsẹ̀ rìn lọ sílé, kìlómítà mẹ́fà, ní inú yìnyín. Gbogbo ọ̀nà ni ojú ń tì í. Ọgbọ̀n ọdún ló ti jẹ gbèsè ọ̀rọ̀ kan tí kò mọ̀ pé òun jẹ, ó sì kù díẹ̀ kí ọjọ́ tí Ülar dá fún un tó pé.

Láti oṣù kẹta ló ti ń kọ́ bí yóò ṣe sọ ọ̀rọ̀ rere náà. Ó sọ ọ́ síwájú ajá rẹ̀, ajá dìde, ó jáde. Nígbà tí ọjọ́ àwọn òkú pé nínú oṣù keje, ó dé itẹ́ òkú láàárọ̀ kùtùkùtù pẹ̀lú réèkì. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ya iyanrìn, ẹnu rẹ̀ sì ń mì bó ṣe ń dá ọ̀rọ̀ náà sọ sínú. Ó yà á gígùn, ó yà á dáadáa, kò fo sẹ̀ǹtímítà kan nínú mọ́kàndínlógójì náà. Nígbà tó gbójú sókè, ó rí àṣìṣe rẹ̀. Etí ló ti bẹ̀rẹ̀, ó sì yà á wọ inú. Ẹ̀yìn rẹ̀ ti kan òkúta ìrántí. Gbogbo iyanrìn tó wà níwájú rẹ̀ ti tẹ́, ìlà rẹ̀ gún, bẹ́ẹ̀ ológbò Paekõrve pàápàá kì í tẹ iyanrìn tí wọ́n ti yà.

Ó dúró síbẹ̀. Àwọn ìdílé bẹ̀rẹ̀ sí í dé. Wọ́n kí i, wọ́n wo iyanrìn, wọ́n wo ẹsẹ̀ rẹ̀, wọ́n sì kọjá. Maimu dé pẹ̀lú òdòdó lọ́wọ́.

"Evald, o ti há."

"Mo ti há."

Pásítọ̀ obìnrin ìlú wa dé, ó rí ọkùnrin tó dúró gangan níwájú òkúta pẹ̀lú réèkì lọ́wọ́, ó sì yíjú sí i. "Bàbá, ṣé ẹ fẹ́ sọ̀rọ̀ ni?"

"Rárá," ni Evald wí. Igba èèyàn ń wò ó. Kò sí ibi tó lè gbà. "Bẹ́ẹ̀ ni," ó ní.

Ó fi ọwọ́ méjèèjì di réèkì mú.

"Ülar dára," ó ní. Ẹnìkan lẹ́yìn ní àwọn ò gbọ́. Evald gbé ohùn sókè, ohùn tí kò gbé sókè rí lórí pápá. "Ülar dára! Ó dára gan-an! Mo rí i tó ju méjìléláàádọ́fà láìtàsé, mo sì sọ pé kò burú. Irọ́ ni mo pa. Ẹ̀rù Ọlọ́run ló bà mí. Kò sí irú rẹ̀. Òun ló jẹ́ kí n rí iṣẹ́ mi ṣe, kò sì sọ fún mi rí, òun tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́! Mo fẹ́ràn rẹ̀. Ó ti tán."

Ní ẹ̀bá ọgbà, Salme gbé ọwọ́ sókè láti fi hàn pé òun gbọ́.

Evald ò fẹ̀yìn rìn. Ó gba orí iyanrìn kọjá tààrà, ipasẹ̀ kékeré méje lórí sàréè tó gùn jù ní Paekõrve. Nígbà tó dé etí, ó yíjú padà, ojú tì í, ó sì na réèkì láti pa wọ́n rẹ́. Maimu di igi réèkì mú.

"Fi wọ́n sílẹ̀. Kó rí i pé o wá."

Obìnrin náà gbé òdòdó rẹ̀ kalẹ̀, ó nu ojú, ó sì fi èjìká gbá Evald díẹ̀.

"Ọ̀rọ̀ tí o sọ yẹn," ó ní, "kò burú."